Ọmọ Tó Na Ọwọ́ sí Tírélà

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀rù ń bà mí, òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ ìwé sí yín. Ẹ mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń bẹ̀rù. Nígbà tí ejò wọ ilé ìdáná wa, tí gbogbo ilé ń sá jáde, ṣebí èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mo ń yọ ahọ́n bí ejò fún wọn, títí Màámi fi sọ ọmọrogùn lù mí. Ṣùgbọ́n ní báyìí, tí ọkọ̀ ńlá bá ti fọn fèrè lójú títì, ara mi á kàn tutù wàì. Màámi rò pé ibà ni. Mi ò lè sọ fún wọn. Ẹ̀yin ni mo lè sọ fún, torí họ́ọ̀nù tírélà yín ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe wà. Ara Màámi le, orúnkún nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ìbàfò náà la ṣì wà. Ìwé mi dúró ní JS3, ẹ má bínú. Ó ń dùn mí tí mo bá rí àwọn ẹgbẹ́ mi nínú aṣọ sùkúù, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí á fi lọ. Mo ti ríṣẹ́. Ẹ máa rẹ́rìn-ín: jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi tí tíṣà máa ń ní kí n kúnlẹ̀ kí n gbé ọwọ́ sókè torí pé mò ń sín in jẹ lẹ́yìn rẹ̀, èmi ni àwọn ọmọ ń pè ní Ànńtí.

Ìyá àgbàlagbà kan ló ni sùkúù náà, Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Imú ni wọ́n gbà mí fún, kí n máa nu imú ọmọ, kí n máa gbé wọn lọ tọ̀. Ó wá di ọjọ́ kan, wọ́n ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń sunkún bí àwọn ọmọ kíláàsì wa ṣe ń sun ún, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ń fà á lọ bí ẹ̀rọ ìlọta. Èyí tó máa ń dákẹ́ láàárín kó lè wojú ẹ bóyá ò ń wò ó. Mo ti rò pé iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó lé orí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ, bẹ́ńṣì náà sì figbe ta.

"Ìwọ ọmọ yìí, ojú ẹ mú o," ni wọ́n wí. "O ò ní máa nu imú nìkan mọ́. Jókòó sórí àga kékeré yẹn, máa wo eré wọn. Má dá sí i, má tọ́ wọn sọ́nà, wò ó ṣáá. Ohun tó wà lọ́kàn ọmọdé ló fi ń ṣeré. Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, wá sọ ohun tóo rí fún mi. Ibẹ̀ la ti máa mú ohun tí a ó jọ ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Bàbá mi, iṣẹ́ nìyẹn o! Kéèyàn jókòó kó máa wo ọmọ tó ń ṣeré. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo rí i pé omi ni wọ́n ń dà láti inú ife kan sínú òmíì, wọ́n ń ta ẹ̀kọ mímu fún ara wọn. Màmá ní kí n kó bàsíà àti oríṣiríṣi ìgò wá, ọjọ́ yẹn làwọn ọmọ mọ èyí tó kún àti èyí tó ṣófo, gbogbo wa rin gbindin. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ń sin aláǹgbá tó kú, wọ́n ń sunkún èké lé e lórí. Àgbàdo la bá gbìn pẹ̀lú wọn lẹ́yìn kíláàsì, kí wọ́n lè rí i pé nǹkan míì wà tí wọ́n ń bò mọ́lẹ̀ tó ń padà wá. Èmi ò lè kọ ohun tí mo rí sílẹ̀ kó já gaara, nítorí náà ṣe ni mo máa ń ṣe é. Mo máa dúró níwájú tábìlì Màmá, màá di ọmọ yìí, màá di ọmọ tọ̀hún. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra wọn.

Ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Kọ́rẹ́dé. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Orí rẹ̀ tóbi díẹ̀, ó máa ń rìn bí olówó orí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àríkẹ́, wà ní kíláàsì àwọn tó kéré jù, àtàǹpàkò kì í kúrò lẹ́nu ìyẹn. Ìyá wọn ń ránṣọ ní òdìkejì títì márosẹ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí sùkúù wa gan-an, títì ló là wá láàárín.

Eré kan ṣoṣo ni Kọ́rẹ́dé máa ń ṣe. Á mú ọmọbìnrin kan, á ní kó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ́hùn-ún, á fi àkísà tí a fi ń nu tábìlì lé e lọ́wọ́. Òun náà á dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibí, á di ọwọ́ Àríkẹ́ mú. Á dúró pẹ́. Tí ọmọbìnrin yẹn bá ti ju àkísà sókè bí ẹni tó ń juwọ́, á fa Àríkẹ́, wọ́n á sáré dé àárín kíláàsì, wọ́n á gun bẹ́ńṣì, wọ́n á jókòó. Wọ́n á tún dúró. Ó tún ju àkísà, wọ́n tún sá. Tí ọmọbìnrin náà bá ju àkísà kó tó yẹ, Kọ́rẹ́dé á bínú: "Mọ́mì mi kì í ṣe báyẹn! Ó máa ń wo ọ̀tún ná!"

Mo rò pé eré lásán ni. Ọjọ́ kẹta ló tó yé mi, níbi tí mo ti ń jẹ ẹ̀pà. Bẹ́ńṣì yẹn, kọnkéré tó wà láàárín márosẹ̀ ni. Àkísà yẹn, aṣọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ni. Ọmọ yìí kò ṣeré o, bó ṣe ń relé lójoojúmọ́ ló ń fi hàn wá. Ìyá rẹ̀ á dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, á wo títì, á ju aṣọ sí i láti òdìkejì, òun náà á fa àbúrò rẹ̀ sá kọjá. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ó jìn, oníbàárà sì lè dé. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì ń rò pé ìyá wọn ló ń dúró dè wọ́n níta. Lóòótọ́, ó ń dúró dè wọ́n.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, mo lọ bá Màmá. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ọmọ yín. Mo di Kọ́rẹ́dé, mo rìn bí olówó orí, mo gun bẹ́ńṣì, mo di ìyá rẹ̀ tó ń ju aṣọ. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Nígbà tí mo ní kí wọ́n dákẹ́ ná, pé òótọ́ ni, wọ́n ní, "Ó ti tó, má pa mí. Eré títì! Ó dáa púpọ̀. Òun la máa ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń sọdá. Wá ọgbọ́n sí i." Mo ní kò burú. Mo rò pé tí mo bá kọ́ ọ dáadáa nínú kíláàsì, á mọ̀ ọ́n ṣe lójú títì. Ṣé àṣìṣe kọ́ nìyẹn, Bàbá mi? Àbí ibo ni ó ti bẹ̀rẹ̀?

Mo fi ẹfun ya títì sílẹ̀. Àwọn ọmọ kan di ọ̀kadà, àwọn kan di kẹ̀kẹ́ Márúwá, èmi wá di tírélà. Ó yẹ kí tírélà ní họ́ọ̀nù. Èwo ni mo mọ̀ bí kò ṣe tiyín? Méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn tó ń lọ sókè níparí bí ẹni tó ń béèrè nǹkan. Láti kékeré ni mo ti ń ṣe é. Ṣé ẹ rántí pé tí ẹ bá ti dé orígun wa, ẹ máa ń fọn ọ́n kí Màámi lè gbé omi ẹ̀bà kaná, tí èmi á sì bọ́ síta láìwọ bàtà? Ẹ ò tíì pa iná ọkọ̀ tán tí mo ti ń na ọwọ́ méjèèjì. Ẹ á gbé mi láti ilẹ̀ wọ iwájú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí mo ṣe ṣe é fún wọn gan-an nìyẹn. Tírélà fọn fèrè, tírélà dé, tírélà gbé ọmọ sókè, ó rìn ín lábẹ́ abíyá. Mi ò mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é o. Ọwọ́ mi ló lọ. Ẹ ò rí ariwo! "Ànńtí, ẹ tún ṣe é! Ànńtí, ó kàn mí!" Ta ló tún rántí bí wọ́n ṣe ń sọdá? Wọ́n ti fi etí títì sílẹ̀, gbogbo wọn ti tò sáàárín rẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sókè, wọ́n ń retí tírélà. Kọ́rẹ́dé ló wà níwájú. Mo gbé e ju gbogbo wọn lọ, torí ó wù mí.

Ọjọ́ kejì, mo padà sórí àga kékeré, mò ń wò wọ́n. Kọ́rẹ́dé tún bẹ̀rẹ̀ eré rẹ̀, ọmọbìnrin àkísà wà níbi ògiri, Àríkẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti dé orí bẹ́ńṣì. Ni ọmọkùnrin kan bá fọn họ́ọ̀nù yín láti igun kíláàsì, kò fọn ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n ó jọ ọ́. Ọmọbìnrin náà kò tíì ju àkísà. Kọ́rẹ́dé fi ọwọ́ àbúrò rẹ̀ sílẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kọjú sí ibi tí fèrè ti ń bọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sá lọ pàdé rẹ̀.

Mo fò dìde, Bàbá mi.

Mo wá Màmá lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n ti lọ sí Ìfọ̀ lọ kí àbúrò wọn tó bímọ. Mo sọ fún ànńtí kíláàsì kejì, ó ní kí n lọ jókòó, pé ṣebí èmi náà ni mo húkọ́ bíi Màmá lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́sí tí òun fi ju fọ́ọ̀nù òun sínú omi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni lónìí." Ó ní, "Bóo ṣe wí lọ́jọ́ yẹn náà nìyẹn." Agogo ìparí bá dún. Mo ń di okùn bàtà ọmọ kan lọ́wọ́, nígbà tí mo gbójú sókè, kò sí Kọ́rẹ́dé.

Mo sáré. Mi ò mọ bí mo ṣe kọjá ìdajì àkọ́kọ́ títì náà, mo ṣáà gbọ́ tí ọlọ́kadà kan ń ṣépè fún mi. Àwọn méjèèjì wà lórí kọnkéré. Ìyá wọn dúró ní òdìkejì, aṣọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò jù ú, ó ń wo ọ̀tún. Tírélà kan ń bọ̀ láti ọ̀nà Mòwé, ó gbé kọ̀ǹtẹ́nà, awakọ̀ náà rí ọmọ lórí kọnkéré, ó sì ṣe ohun tí ẹ̀yin náà ì bá ṣe. Ó fọn fèrè.

Kọ́rẹ́dé yíjú sí i. Mo rí ẹ̀rín rẹ̀ láti ẹ̀yìn, nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀. Ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ni mo rí mú. A jọ ṣubú sẹ́yìn ni. Atẹ́gùn tírélà náà gbá wa lójú, eruku kún ẹnu mi, Àríkẹ́ ń mu àtàǹpàkò rẹ̀ lọ.

Kí n tó dìde, ìyá wọn ti ń ké láti òdìkejì: "Gbọ́mọgbọ́mọ! Ẹ gbà mí o! Ó fẹ́ gbé ọmọ mi!" Ó sá dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti fẹ́ fọ́ mi létí kó tó mọ̀ mí.

"Àbí ìwọ kọ́ ni ànńtí aláwàdà yẹn? Ṣé ìwọ̀nyí lo tún wá fi ṣe yẹ̀yẹ́ dójú títì?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó fẹ́ lọ pàdé tírélà."

"Ta ló fẹ́ lọ pàdé tírélà? Ọmọ mi mọ títì ju ìwọ lọ! Tí mi ò bá tíì ju aṣọ, kì í kúrò lójú kan."

"Ẹ bi í wò, mà."

Ó wo ọmọ rẹ̀. "Kọ́rẹ́dé, kí lo fẹ́ ṣe?"

Ọmọ náà ń gbọn eruku nídìí ṣòkòtò, inú ń bí i sí mi. "Tírélà Ànńtí ni. Ó fẹ́ gbé mi sókè ni."

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Kò bú mi mọ́. Ó jókòó sórí kọnkéré láàárín ọkọ̀ tó ń lọ àti ọkọ̀ tó ń bọ̀, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Bàbá mi, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bi yín láti ọjọ́ yìí. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ dé láìfọn fèrè? Ẹ ò jẹun. Ẹ fọ iwájú ọkọ̀, ẹ tún un fọ̀, ẹ tún un fọ̀, omi sì mọ́ láti ìgbà àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹ kì í ṣíná ọkọ̀ láìjẹ́ pé ẹ ti yípo iwájú rẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Kí lẹ rí lọ́jọ́ náà? Ṣé ẹnì kan na ọwọ́ sí yín? Ẹ gbé mi jókòó nídìí sítíárìn nígbà kan rí, ẹ ní kí Màámi dúró síwájú ọkọ̀, orí gèlè wọn nìkan ni mo rí. Bí Màámi bá lè pòórá níwájú ọkọ̀ yín, kí ni Kọ́rẹ́dé fẹ́ jẹ́?

Màmá kò rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n ní èmi kọ́ ni mo jẹ̀bi jù, àwọn ni àwọn fi ẹ̀rín gba ọ̀rọ̀ tí mo mú wá. Wọ́n pàṣẹ pé èmi ni kí n máa mú àwọn méjèèjì gba orí afárá lójoojúmọ́, ìyá wọn sì gbà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọjọ́ kan máa wà tí mi ò ní sí níbẹ̀. Mo ní kí Màmá jẹ́ kí á mú gbogbo kíláàsì lọ sórí afárá, kí wọ́n rí tírélà tòótọ́. Wọ́n gbà, wọ́n kàn kìlọ̀ fún mi pé, "Má dẹ́rù bà wọ́n o. A kì í fi ẹ̀rù kọ́ ọmọdé ní sùkúù yìí."

A fi okùn gígùn kan darí wọn, ọmọ kọ̀ọ̀kan di ibi tí a ta kókó sí mú. Nígbà tí a dé àárín afárá, tírélà kan gba abẹ́ wa kọjá, ó fọn fèrè. Irin tí a dì mú gbọ̀n. Kọ́rẹ́dé kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ti ń gbé ọwọ́. Fèrè náà wá wọ inú rẹ̀ lọ, mo rí ibi tó ti wọlé, ní àyà. Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó yí padà, ó fi orí bọ síkẹ́ẹ̀tì mi, ó sì tọ̀ sí mi lẹ́sẹ̀.

Ó yẹ kí n gbé e kúrò níbẹ̀. Mo rí òmíràn tó ń bọ̀. Mo di èjìká rẹ̀ mú, mo kọjú rẹ̀ sí títì, mo sì dúró kó gbọ́ èkejì. Màmá ò rí mi. Kọ́rẹ́dé gbọ́ ọ, Bàbá mi. Gbogbo ara rẹ̀ ló fi gbọ́ ọ.

Lónìí, mo jókòó sórí àga kékeré. Wọ́n tún ń ṣe eré títì, ọmọkùnrin ọjọ́sí náà tún di tírélà, ó fọn fèrè yín. Kọ́rẹ́dé dúró gbagidi. Ó fa Àríkẹ́ sẹ́yìn ara rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ó dúró títí tírélà náà fi kọjá, tí ọmọkùnrin náà sì lọ mu omi. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pariwo. Ó wá rìn wá bá mi, kò rìn bí olówó orí mọ́. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu mi.

"Ànńtí, ẹ má ṣe tírélà mọ́."

Mo ní mi ò ní ṣe é mọ́. Ó ní kí n búra, mo fi ìka kan ahọ́n, mo nà án sókè.

Ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn ọmọ lọ tán ló tó yé mi ohun tí mo búra sí. A ò gba ohùn yín sínú fọ́ọ̀nù kankan kí ọlọ́jọ́ tó dé bá yín. Fọ́tò yín kì í sọ̀rọ̀. Tí ilé bá dá páropáro, tí Màámi bá ti sùn, mo máa ń fọn ọ́n jẹ́jẹ́ sínú ìrọ̀rí, méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn, ẹ á sì dé. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí mo gbìyànjú láti gbọ́ ọ nínú orí nìkan, láìla ẹnu. Èyí tó gùn yẹn, ṣé ó máa ń lọ sókè níparí ni, àbí ó máa ń sọ̀ kalẹ̀? Mo ti kọ ọ́ sókè yìí pé ó ń lọ sókè. Kò dá mi lójú mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé tó bá di ọdún tó ń bọ̀, mi ò ní mọ èyí tó jẹ́ tiyín nínú gbogbo èyí tó ń kọjá lójú títì.

Ṣùgbọ́n mo ti búra fún ọmọ náà, Bàbá mi. Mi ò ní fọn ọ́n.

Èmi ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, tí á sì máa fẹ́ràn yín lọ láìfọhùn.